Ó Lóṣòó Sẹ́nu Ọ̀nà

Ìwé bàbá bàbá mi ló bọ́ sí mi lọ́wọ́,
awọ lẹ̀yìn rẹ̀, ikán ti jẹ igun kan.
Òṣómàáló ni bàbá, aṣọ ló ń tà láwìn,
ó kúrò ní Iléṣà, ó dé Ọ̀fà, ó dé ìlú tí n kò mọ̀.
Bí oṣù bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Wọ́n á gbé àpótí fún un. Kò ní jókòó.
Ojú ìwé tó ṣófo lẹ́yìn orúkọ àwọn òkú wọ̀nyẹn
ni mo ń kọ ìnáwó ọkọ̀ oníná mi sí.

Ọdún kìíní. Ọ́ìlì: òfo.
Púlọ́ọ̀gì: kò ní. Fáàn-bẹ́ẹ̀tì: kò ní.
Kábúrétọ̀: ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín.
Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Kọmọláfẹ́ kọjá ní Ìsọkùn,
ọkọ̀ ò dún ju etí ìró tó ń wọ́lẹ̀ lọ.
Kọmọláfẹ́, tó tọ́jú Pijó mi fún ọdún mọ́kànlá,
tó fi owó gásikẹ́ẹ̀tì nìkan rán ọmọ lọ sí póli,
ó gbójú sókè, ó ní,
“Màmá Tíṣà, ṣé wọ́n ń tì yín ni?”

Ọdún kejì, ọdún kẹta, ìwé ṣì mọ́.
Bíréèkì gan-an kì í tètè jẹ:
bí mo bá ń sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Bọ́lọ́rundúró,
ọkọ̀ á máa kó iná padà sápò
bí obìnrin tó ń yọ díẹ̀ pamọ́ nínú owó ọbẹ̀.
Mo wá di agbéraga.
Mo ń bi Ìyá Olúgbèmí pé èló ni lítà epo lónìí,
èmi tí mo to páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ sórí òrùlé,
tí oòrùn ń bọ́ ọkọ̀ mi lọ́fẹ̀ẹ́.
Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Owó páńẹ́ẹ̀lì, n kò kọ ọ́ síwèé.
Bàbá ì bá ti bú mi.

Ọdún kẹrin. Táyà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà,
nítorí ọkọ̀ wúwo, kòtò ọ̀nà Ìbòkun kò sì mọ̀ọ̀yàn.
Ọdún karùn-ún. Búṣìn iwájú, lápá ọ̀tún.
Kọmọláfẹ́ ló ṣe é. Ó rí wáyà aláwọ̀ ọsàn,
ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀.

Ìlà méjìlá ló wà lójú mítà nígbà tí mo rà á.
Mo lè lọ Òṣogbo kí n bọ̀, kí n tún lọ Ifẹ̀ kí n bọ̀.
Ó di mẹ́wàá. Ó di mẹ́jọ.
Ó wá di pé bí mo bá ti Ifẹ̀ ń bọ̀,
mo ń pa fáànù, mo ń pa rédíò,
mo ń gbàdúrà láti Òṣú.

Ọdún kẹjọ, Òṣú náà ni mo sùn.

Mákanjúọlá, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún,
tú ikùn ọkọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.
Ó ní mẹ́rin ti kú nínú méjìdínláàádọ́ta.
Ó ní bí a bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀.
Mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Iye náà kò dín.

Lóru mo ṣírò ti Pijó fún ọdún mẹ́jọ:
epo, ọ́ìlì, rẹdietọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, gíà, epo, epo.
Ti Pijó pọ̀ jù. Mo tún un ṣírò. Ó ṣì pọ̀ jù.
Ṣùgbọ́n bí èkúté ni Pijó ṣe jẹ mí,
ó ń jẹ, ó ń fẹ́.
Èyí dákẹ́ fún ọdún mẹ́jọ,
ó wá lóṣòó.

Kọmọláfẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta
pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun, tó nípọn bí ahọ́n màlúù.
Ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mákanjúọlá láti ìgbà òjò,
ọ̀gá tó ní ọmọ ọmọ.
Ó ní, “Mẹ́rin tó kú nìkan la máa yọ. Ó lè gbé yín dé Ifẹ̀.”
Mo ní, “Ṣé ó máa gbé mi bọ̀?”
Kò dáhùn.

Mo gbé àpótí fún un.
Ó ní rárá.
Ó lóṣòó ti táyà, ó ń fa ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́.